Òǹtẹ̀ Tí Mo Fi Du Mọ́ládùn

Alága wa, Alàájì Bùràímọ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà Ìlobùú, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àlejò láti Ẹ̀rìn àti Òṣogbo, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo kí ìwọ náà, Mọ́ládùn aya mi, ẹni tí ikú mú lọ lọ́dún tó kọjá. Àga tí mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ìgbìmọ̀ ti gbé kúlà mínírà lé e. Má bínú. Bí wọ́n ṣe ṣe ọ́ nígbà tí o wà láàyè náà nìyẹn.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé ìmọ̀ iṣẹ́ yìí, méjìlá nínú rẹ̀ ni mo fi jẹ́ ọ̀gá wọ́kíṣọ́ọ̀pù. Láti àárọ̀ lẹ ti ń yìn mí nítorí pé mò ń fẹ̀yìn tì lónìí. Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí, igbá-kejì ọ̀gá àgbà, tilẹ̀ pè mí ní òpó ìmọ̀ ẹ̀rọ. Òpó! Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ wá wo igbá tèmi.

Mọ́ládùn ló ń tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì wa. Ó ń fọ ìgò, ó ń nu tábìlì. Nígbà tí ó pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìmọ̀ ẹnjiníà iná mànàmáná lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Á fi fóònù ti agolo iyọ̀ nílé ìdáná, ọbẹ̀ ń hó, olùkọ́ ń sọ̀rọ̀, òun ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí, ẹ rántí? Ẹ máa ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì: "Ẹnjiníà Fóònù! Tí bátìrì bá kú, ṣé ìmọ̀ náà ò ní bá a kú?" Yàrá olùkọ́ á bú sẹ́rìn-ín. Èmi ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín tèmi ló máa ń ròkè jù.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé ìwé-ẹ̀rí kọ́ sára ògiri, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́ láàárín ìdánwò? Àwa ẹnjiníà mẹ́ta yí i ká bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Ọ̀kan ní epo ni, ọ̀kan ní afẹ́fẹ́ ni, èmi ní kí a ránṣẹ́ sí Òṣogbo. Mọ́ládùn dé pẹ̀lú mítà ìdíwọ̀n iná tí Dúró, olùtọ́jú irinṣẹ́, yá a. Dúró, ìwọ nìkan ni kò bá wa rẹ́rìn-ín, o ṣeun. Mọ́ládùn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ yẹra díẹ̀, ẹ ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú." Ó rí wáyà tó já, ó so ó, iná dé. Nínú ìròyìn tí a kọ sí ìjọba, a ní "àwọn ẹnjiníà ilé-ìwé" ló tún un ṣe. Èmi ni mo lu òǹtẹ̀ sí i.

Òǹtẹ̀ yìí kan náà. Ẹ̀kọ́ yẹn kì í ṣe fóònù nìkan. Wọ́n ní kí ó fọwọ́ ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà lábẹ́ ọ̀gá kan, kí ọ̀gá náà lu òǹtẹ̀ sí ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi: "Bàbá Fisáyọ̀, ẹ gbà mí sí wọ́kíṣọ́ọ̀pù yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di síkúrù." Mo ní òǹtẹ̀ mi kì í ṣe ti ẹnjiníà inú àwòrán. Ó dìde. Ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n Ìfọ́n ni aya mi ti lọ kó tirẹ̀. Ìfọ́n, tí àwa ará Ìlobùú ń bá jà nítorí ilẹ̀! Jàlálù tó ń so iná oòrùn níbẹ̀ gbà á, kò bi í léèrè ìlú tó ti wá, ó sì lu òǹtẹ̀ fún un.

Ẹ máa ń fi ẹ̀gàn bi í pé, "Ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀?" N kò ní parọ́ fún àwọn ọmọ yín: ìwé-ẹ̀rí orí íńtánẹ́ẹ̀tì wà tí kò wúlò ju bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà lọ. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ bi ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà bóyá wọ́n fọwọ́ sí ilé-ìwé náà. Mọ́ládùn bi wọ́n. Iléeṣẹ́ iná oòrùn kan gbà á síṣẹ́, ilé ìwòsàn mẹ́rin ló ń bójú tó iná wọn kí àìsàn tó dá a dúró. Ẹ̀yin ẹlẹ́rìn-ín wá jẹ ìrẹsì níbi ìsìnkú rẹ̀, ẹ sì kọ "ẹnjiníà wa ọ̀wọ́n" sínú ìwé ètò.

Mọ́ládùn, dárí jì mí. Aláìmọ̀kan tó ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́ ni mí.

Ó ku ọ̀kan. Inúmidùn, ọmọ Jàlálù, ń kọ́ ẹnjiníà lọ́nà kan náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń béèrè, ọ̀dọ̀ wa ló wà. Oṣù mẹ́fà ló fi gun ọ̀kadà wá síbí, níṣojú mi ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ní kí n má lu òǹtẹ̀ fún ọmọ Ìfọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí, tí wọ́n ní kó gba wọ́kíṣọ́ọ̀pù lọ́wọ́ mi, ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá, màá yanjú ẹ̀ tí òǹtẹ̀ bá dọ́wọ́ mi." Mo mọ bí ẹ ó ṣe yanjú rẹ̀! Ètò yín ní kí n fa òǹtẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ mi kò tíì parí o. Títí n ó fi jókòó, èmi lọ̀gá wọ́kíṣọ́ọ̀pù.

Inúmidùn, dìde lẹ́yìn níbẹ̀, gbé ìwé rẹ wá. Dúró, bá mi gbé kúlà yẹn kúrò lórí àga Mọ́ládùn. Orí rẹ̀ ni n ó ti lu òǹtẹ̀ yìí.

Ó tán. Gbà, ọmọ mi.

Kí Ọlọ́run fún ilé-ìwé yìí ní ọ̀gá tí yóò mọ iṣẹ́ nígbà tí ó bá rí i. Kí ó má jẹ́ kí ẹni tí a fi ṣẹ̀sín láàyè di ẹni tí a ó máa tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ibojì. Kí ẹ̀yin náà fẹ̀yìn tì láyọ̀, kí àga ẹ̀gbẹ́ yín má ṣófo. Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí, òǹtẹ̀ yín rèé. Ẹ rọra, yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ẹ ṣé o.