Ọjọ́ Kọkàndínlọ́gbọ̀n Ni Obìnrin Náà Dé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yìn mí mọ́. Ó ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ mi àgbà, èyí tó jẹ́ olùkọ́, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi ní ọsibítù, ó ń ka ìwé kan tó kọ nípa mi sí mi létí, irú èyí tí wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ de ẹni tí dókítà ti sọ pé ọkàn rẹ̀ ò lè gbé e dé ibi kankan mọ́. Ó kà á débi tó ti ní, “Bàbá mi kò gba rìbá rí,” ni mo bá ní kó ya ìwé náà. Ó rò pé àìsàn ló ń da orí mi rú. Àìsàn kọ́. Lóòótọ́, mi ò gba rìbá rí, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí wọ́n gba irọ́ mi gbọ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ti lé lógún ọdún dáadáa. Mo ní kí ọmọ mi mú bírò, kó máa kọ ohun tí mo bá ń sọ, kó má sì bá mi tún un ṣe.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni mo ti ṣiṣẹ́, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ínṣọ́ránsì. Fèrèsé kẹta ni tèmi. Ibẹ̀ ni àwọn tí mọ́tò gbá tí awakọ̀ sì sá lọ máa ń wá. Gbogbo ẹni tó ní mọ́tò ló ń dá owó díẹ̀ sínú àpò kan lọ́dọọdún, pé bí awakọ̀ kan bá gbá èèyàn tó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, a máa rí nǹkan fi tọ́jú ẹni tó gbá. Òfin rẹ̀ ò le: kí wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí, kí fọ́ọ̀mù sì dé ọ̀dọ̀ wa láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Òǹtẹ̀ tí mo bá lù ú ni ẹ̀rí ọjọ́ tó dé. Wọ́n kọ́ wa pé kí a lu òǹtẹ̀ ní kété tí ìwé bá ti kọjá fèrèsé, ìbáà ní àbùkù. Èmi ò gbà. Mo ní ìwé tí kò bá pé kì í ṣe ìwé, mi ò sì ní ba òǹtẹ̀ mi jẹ́ lórí rẹ̀. Ta ló rán mi níṣẹ́? Kò sẹ́ni tó rán mi. Ìgbéraga lásán ni, èmi sì ń pè é ní iṣẹ́ tó mọ́.

Obìnrin kan wá ní ọjọ́ kẹsàn-án tí mọ́tò gbá ọkọ rẹ̀. Ọkọ yìí ń tún bàtà ṣe ní oríta kan. Ọ̀sán gangan ni mọ́tò kan yà wọ kọ̀nà láìfọn fèrè, ó tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ kan, ó ku ọ̀kan, bí wọn ò bá sì tètè ṣe é, ẹsẹ̀ náà máa lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ò lè dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo láìbẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú òjò tó rọ̀ lọ́dún tí ìyá ọkọ rẹ̀ lóyún. Mo sọ ọ́ ní Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ Àlàyé, gbogbo ọ́fíìsì sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn fèrèsé yòókù á máa rẹ́rìn-ín, orí mi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi.

Ibì kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà tó ní kí wọ́n kọ nọ́ḿbà mọ́tò tó gbá èèyàn. Ẹ bá mi rò ó. Mọ́tò ti sá lọ, a tún ń béèrè nọ́ḿbà rẹ̀. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àwọn ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n a ò kọ ìyẹn síbi kankan kí wọ́n rí i. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, mo dá a padà. Ó tún wá ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ó ti kọ “pupa” síbẹ̀, nítorí ohun tí àwọn tó wà ní oríta rí nìyẹn. Mo bi í bóyá pupa ni nọ́ḿbà, mo tún dá a padà. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ fún un, mi ò sọ ọ́, nítorí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé irú pupa tó jẹ́. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Ọlọ́pàá kan ló ṣàánú rẹ̀ níkẹyìn tó bá a kọ ohun tó yẹ.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ó dé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tó pé pérépéré. Mo wò ó títí, mi ò rí ohun tí mo lè torí ẹ̀ dá a padà, ìyẹn gan-an sì bí mi nínú. Ìlà gùn lẹ́yìn rẹ̀, òun sì ti ń ròyìn ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Mo ju fọ́ọ̀mù sínú dúrọ́ọ̀, mo ní mo ti gbà á, kó máa lọ. Kò lọ. Ó di etí fèrèsé mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ṣé ẹ ò ní lu òǹtẹ̀ sí i ni? Wọ́n ní òǹtẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì.”

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ mi?”

Ìyàwó oníyàwó, ìyá ọmọ mẹ́ta, mo ń pè é ní ìwọ lójú èrò. Ó ní kí n má bínú, ó lọ. Òǹtẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi níbẹ̀, kò ju kí n gbé e kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Mo ní kí fọ́ọ̀mù sùn síbẹ̀ di ọ̀la, kí obìnrin náà lè mọ̀ pé èmi ni mo ni fèrèsé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí n tó jókòó, ọ̀gá àgbà ní kí n lọ sí ẹ̀ka wa kejì lọ gba ipò ẹnì kan tó ń ṣàìsàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀, mi ò sì rántí fọ́ọ̀mù kankan. Ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n ni mo tó ṣí dúrọ́ọ̀ mi, mo sì bá fọ́ọ̀mù náà níbẹ̀. Mo lè lọ bá ọ̀gá, kí n ní mo ṣàṣìṣe, á bú mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n ẹni bíi tèmi kì í ṣàṣìṣe. Mo lu ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n sí i. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà jáde pé fọ́ọ̀mù náà pẹ́ kó tó dé, a ò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Obìnrin náà lọ bá ọ̀gá àgbà, wọ́n sì pè mí wọlé. Mo ní lóòótọ́ ni mo dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tún fojú kàn án títí di ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n. Ó wò mí. Ẹni tí kì í lè gé ọ̀rọ̀ kúrú, gbólóhùn kan ló sọ: “Ọ̀gá, ẹ rántí pé mo bi yín nípa òǹtẹ̀.” Mo ní mi ò rántí. Ọ̀gá wá sọ pé òun ti bá mi ṣiṣẹ́ tipẹ́, pé ẹni tí kì í gba rìbá ò ní ìdí tí á fi purọ́. Ibẹ̀ lọ́rọ̀ parí sí. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọkùnrin náà lókè orúnkún.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù. Ó kù. Ní ọdún kejì, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi ṣí lójú ọ̀nà, mo sì yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún bàtà ṣe ní oríta. Mo ti jókòó tán kí n tó rí i pé ẹsẹ̀ kan ló ní. Kò mọ̀ mí. Ó ń rán bàtà, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní ìyàwó òun ló sọ òun dà báyìí, pé wọ́n fún un ní odindi ọgbọ̀n ọjọ́ láti mú fọ́ọ̀mù kan lọ, ó ń tàkúrọ̀sọ kiri títí ọjọ́ fi kọjá. Ó ní ìyàwó náà máa ń búra pé òun tètè dé, òun ọkọ á sì bi í bóyá òǹtẹ̀ ọ́fíìsì ló ń purọ́. Wọ́n jà títí ìyàwó náà fi kó àwọn ọmọ, ó sì lọ.

“Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọ̀gá. Ta ni ò mọ ọgbọ̀n ọjọ́ kà?”

“Àwọn obìnrin mìíràn máa ń fi nǹkan falẹ̀,” ni mo wí.

Ọmọ mi gbé bírò sílẹ̀ níbí. Mo ní kó gbé e padà. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́, kò sẹ́ni tó fún mi lọ́rùn. Mo gba bàtà mi, mo wọ̀ ọ́, mo lọ sílé lọ jẹun.

Níjẹta, nígbà tó kọ ọ́ débí, mo rán an sí oríta yẹn kó lọ kà á fún ọkùnrin náà. Ó ṣì wà níbẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Èpè ni mo ń retí. Ọmọ mi ní ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò sọ nǹkan kan nípa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kàn bi í pé, “Ṣé ẹ mọ ibi tí ìyàwó mi wà?” A ò mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn fèrèsé lónìí, àwọn èèyàn máa sú yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sú yín, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ wọn fún wọn lójú ẹsẹ̀. Àti ẹ̀yin, ìyá, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín níbikíbi, mi ò ní ẹnu tí mo lè fi ní kí ẹ foríjì mí. Ọkọ yín ti mọ̀ pé ẹ tètè dé. Nígbà tí ọmọ mi ń lọ, ó ní òun ò mọ ibi tí òun ti máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ẹ máa bínú sí èmi lọ títí ayé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òun rí yín bẹ̀ kó tó kú.