Àwọ̀ Tí Mo Yàn fún Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ọkàn mi ò ti balẹ̀. Bí mo bá jókòó ní ọ́fíìsì, mo ti dìde. Bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Ìyàwó mi ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbí ní Àkúrẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìfẹ̀yìntì tó ń bọ̀ ló ń já mi láyà. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn. Ọkọ̀ kan wà ní àgbàlá wa ní Oǹdó, píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí bàbá mi fi ń ra kòkó káàkiri oko láyé ọjọ́un. Èmi ni mo tún un ṣe, ó sì ń dán débi tí èèyàn lè fi ara rẹ̀ wojú. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń kí mi kú iṣẹ́, wọ́n ní ọmọ tó mọ iyì bàbá rẹ̀ ni mí. Yéè! Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó méjì ni bàbá mi fẹ́, ìyá mi sì ni kékeré. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ìyá mi fi kú, ìyáálé wọn ló gbà mí tọ́. Yèyé Àgbà là ń pè wọ́n, nítorí yèyé ni àwa ará Oǹdó ń pe ìyá. Wọn ò bí mi, àmọ́ tí àlejò bá dé ilé wa, kò lè mọ̀. Ẹran tí wọ́n bá fi sínú abọ́ Bọ̀dá Fẹ́mi, àkọ́bí wọn, irú rẹ̀ náà ni wọ́n á fi sínú tèmi. Nígbà tí ibà kọlù mí ní kíláàsì karùn-ún, ẹ̀yìn wọn ni mo wà láti ilé dé ọsibítù, bí mo ṣe tóbi tó nígbà yẹn. Ẹ rántí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti wúwo. Ṣùgbọ́n ọmọ ò lè gbàgbé ìyá rẹ̀, inú ọkọ̀ yẹn ni mo sì ti máa ń rántí ìyá tèmi jù. Búlúù ni wọ́n kun ọkọ̀ náà nígbà náà. Ìyá mi á jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, èmi á wà lórí itan wọn, òórùn kòkó gbígbẹ á máa fẹ́ sí wa láti ẹ̀yìn. Mi ò ní fọ́tò wọn kankan. Búlúù yẹn nìkan ni mo ní.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ọkọ̀ náà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lọ́pọ̀lọpọ̀ ọdún, adìẹ ń yé sínú rẹ̀, koríko sì gba àárín táyà jáde. Lọ́dún tó kọjá ni mo sọ fún Bọ̀dá Fẹ́mi pé mo fẹ́ tún un ṣe kí a tó ṣe ìrántí bàbá. Inú wọn dùn. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu Yèyé. Mo lọ dọ̀bálẹ̀, mo bi wọ́n léèrè àwọ̀ tí wọ́n ń fẹ́. Wọ́n ní, "Bó ṣe wà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ inú ọgbà yìí ni kí o ṣe é fún mi, ọmọ mi. Má fi nǹkan kan kún un, má yọ nǹkan kan kúrò." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, Yèyé. Lọ́kàn mi, kí ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe búlúù? Mi ò tíì mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn ti ní ayé kan kí n tó dáyé.

Ọgbà mẹkáníìkì kan ní Àkúrẹ́ ni a wọ́ ọ lọ. Ẹńjìnnì ò pẹ́ rárá, irin tó jẹrà náà ò pẹ́. Àwọ̀ ló gba oṣù méjì lọ́wọ́ mi. Pẹ́ńtà tó bá mi ṣe é, Ọ̀gá Múfú, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́nńbélé ni, ẹnu rẹ̀ mú, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Kì í yan àwọ̀ nínú ìwé. Á gé páànù kéékèèké, á kun ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n sórí fẹ́ǹsì, á ní kí n wá wò wọ́n láàárọ̀, kí n tún wá lọ́sàn-án gangan, kí n sì wá nígbà tí oòrùn bá ń rọ̀, torí pé àwọ̀ tó wuni láàárọ̀ lè dà bí ìdọ̀tí lọ́sàn-án. Búlúù mẹ́rin ló kùn fún mi. Èkíní tàn jù, èkejì jọ ilẹ̀kùn ilé ìwé, ẹ̀kẹta ṣú jù, ẹ̀kẹrin ló jọ tìyá mi, àmọ́ kì í jọ ọ́ lójoojúmọ́. Mo ń sá kúrò níbi iṣẹ́ lọ wo páànù! Ọ̀gá Múfú ní, "Ọ̀gá, ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ kùn ni àbí ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́? Bí ẹ bá fi báyìí yan ìyàwó, ẹ̀ bá ti darúgbó sílé ìyá yín." A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo rín kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ máa bọ̀ o, ẹ wá wo nǹkan." Ó ti ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ọkọ̀ náà. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i pé lábẹ́ búlúù, gíríìnì ló wà, gíríìnì ewé kòkó, kò sì sí àwọ̀ mìíràn lábẹ́ rẹ̀ àfi irin. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn, níbi ilẹ̀kùn tí wọ́n máa ń já sílẹ̀ láti kó àpò kòkó sókè. Ọ̀dà funfun tó nípọn ni ẹnì kan fi kọ̀wé síbẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ àwọn tó ń kọ̀wé sára mọ́tò, nítorí àwọn lẹ́tà náà wọ́, wọ́n sì ga ju ara wọn lọ. Ọwọ́ bàbá mi ni. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ K wọn. Ohun tí wọ́n kọ ni: ỌPẸ́LỌPẸ́ ÀBẸ̀KẸ́.

Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì Yèyé Àgbà. Ní ilé wa, bàbá mi nìkan ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń gbọ́ fìrìfìrì láti kékeré wá já síra wọn: pé Yèyé ní oko kòkó tí bàbá tó bí wọn lọ́mọ fi sílẹ̀ fún wọn, pé wọ́n tà á lọ́dún kan, pé ọdún yẹn náà ni bàbá mi ra ọkọ̀. Bàbá mi kọ ọpẹ́ náà sẹ́yìn ọkọ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Ta ló wá fi búlúù bò ó? Nígbà wo? Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Ọdún tí wọ́n gbé ìyá mi wọlé ni. Ìyàwó tuntun ò ní jókòó síwájú ọkọ̀ tí orúkọ ìyáálé rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Búlúù tí mo ń bá kiri yẹn, ìtìjú ẹlòmíì ni wọ́n fi ṣe é.

Ọ̀gá Múfú, ẹni tí kò mọ̀ wá rí, ló kọ́kọ́ sọ òtítọ́. Ó ní, "Tiyín lọ̀rọ̀ o, àmọ́ tó bá jẹ́ tèmi ni, gíríìnì ni màá kun gbogbo ara ẹ̀, màá sì fi ibí yìí sílẹ̀ bó ṣe wà. Ta ni Àbẹ̀kẹ́?" Mo dá a lóhùn pé mi ò mọ̀. Ẹ gbọ́ o, mo ní mi ò mọ̀! Obìnrin tó fi ẹ̀yìn pọ̀n mí lọ sọ́sibítù. Ọ̀gá Múfú ya fọ́tò lẹ́tà náà sórí fóònù rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n lọ rò ó.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi rò ó. Màá sọ pé gíríìnì láàárọ̀, tó bá dọ̀sán màá ní kó dúró ná. Mo tilẹ̀ ní kó kun páànù kan ní àwọ̀ mílíìkì, kó má baà jẹ́ ti ìyá kankan. Àwọ̀ kọ́ ni mò ń rò ní tòótọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ní bí lẹ́tà yìí bá jáde, àwọn ọmọ Yèyé á ní ọkọ̀ ìyá àwọn ni, kí ló wá kan èmi níbẹ̀? Èmi tí mo ṣe wàhálà rẹ̀, màá kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Mo tún ń bínú. Mo ní ṣé ìyá tèmi ò ní ní nǹkan kan nínú ilé yẹn ni, kódà kó jẹ́ ọ̀dà ara mọ́tò? Lọ́jọ́ kẹwàá mo lọ bá Ọ̀gá Múfú, mo ní, "Ẹ yún un kúrò, kí ẹ fi pọ́tì dí i. Búlúù ni." Ó wò mí lójú títí. Ó mú pépà oníyanrìn tí wọ́n fi ń yún irin, ó yún lẹ́tà náà palẹ̀, ó fi pọ́tì, nǹkan bí amọ̀ tí àwọn pẹ́ńtà fi ń dí ara mọ́tò, dí ibi tó kù, ó sì yún un títí ó fi dán bí àwo. Mo dúró tì í, mo wò ó títí lẹ́tà tó kẹ́yìn fi lọ. Àwọn àgbà ní ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Èmi ò tilẹ̀ fi mọ sí àìdúpẹ́, ọpẹ́ tí ẹlòmíì dá ni mo jí.

Mo wa ọkọ̀ náà wọ Oǹdó ní ọjọ́ Sátidé kan. Àwọn ọlọ́kadà ń fun fèrè sí mi lójú ọ̀nà. Bọ̀dá Fẹ́mi fò mọ́ mi. Yèyé jáde pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Ojú wọn ti ń ṣú láti bí ọdún mélòó kan, wọn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín búlúù àti gíríìnì mọ́. Àwọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ ń sáré kiri yẹn, wọn ò tilẹ̀ rí i. Wọn ò dúró níwájú ọkọ̀ rárá. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sẹ́yìn, wọ́n fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, wọ́n sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wọ́n rọra fi ọwọ́ wọ́ ọ láti òsì sí ọ̀tún. Wọ́n tún padà wọ́ ọ. Wọ́n fi ìka kan ṣoṣo tẹ ibi kan, lẹ́yìn náà ibòmíràn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ yọ nǹkan kan kúrò níbí ni?" Mo ní, "Rárá o, Yèyé. Bó ṣe wà náà ló wà, a kàn kùn ún ni." Wọ́n ní, "Ó dáa. O ṣeun, Ọlọ́run á tọ́jú rẹ." Wọ́n sì wọlé.

Bọ̀dá Fẹ́mi ló là mí lóye nígbà tó ku àwa méjì. Wọ́n ní ọ̀dà funfun ìgbà yẹn nípọn, búlúù ò lè bò ó mọ́lẹ̀ tán. Bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, á mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà. Yèyé ò lọ sílé ìwé. Ara ilẹ̀kùn yẹn ni bàbá mi ti di ìka wọn mú, tí wọ́n kọ́ wọn ní orúkọ wọn, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí Yèyé mọ̀ ọ́n kà láyé wọn. Bí wọ́n bá gbálẹ̀ débẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á fọwọ́ kà á, wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Bọ̀dá ní, "Mo rò pé wọ́n ti sọ fún ọ." Mo ní wọn ò sọ. Bọ̀dá náà gbà pé lóòótọ́ ni lẹ́tà ṣì wà lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́, àmọ́ mo ní mò ń lọ, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Láti ìgbà yẹn, Yèyé ń pè mí lójoojúmọ́, wọ́n á bi mí bóyá mo ti jẹun. Wọn ò mẹ́nu ba ọkọ̀ rí. Mo ti padà lọ bẹ Ọ̀gá Múfú pé kó ha pọ́tì náà kúrò, ó ní òun lè ha á, àmọ́ lẹ́tà ò sí lábẹ́ rẹ̀ mọ́, èmi ni mo ní kí òun yún un. Fọ́tò yẹn nìkan ló kù, kí ló sì fẹ́ ṣe fún ẹni tí ọwọ́ ló fi ń kàwé?

Lánàá ni Bọ̀dá Fẹ́mi pè. Wọ́n ní Yèyé ti ń fi àdí pa ìka wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Wọn kì í ṣa ìrẹsì mọ́, wọn kì í bó ẹ̀gúsí mọ́, wọ́n ní ọwọ́ àwọn ò mọ nǹkan mọ́. Yèyé ní àwọn wá orúkọ àwọn títí lára ọkọ̀, àwọn ò rí i, ọmọ àwọn sì sọ pé ó wà níbẹ̀, ọmọ yẹn kì í sì í purọ́ fún àwọn. Wọ́n ní ó dà bíi pé ọwọ́ àwọn ti ṣáájú àwọn kú. Bọ̀dá bẹ̀ mí pé kí n wá gbé wọn wá sọ́dọ̀ dókítà ní Àkúrẹ́ níbí.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni. Èmi ni màá fi mọ́tò gbé wọn, àwa méjì nìkan, láti Oǹdó. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ mi, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n sọ fún wọn lójú ọ̀nà ni, kí wọ́n lè ní kí n yí ọkọ̀ padà? Àbí kí n dákẹ́, kí n jókòó síbẹ̀ nígbà tí dókítà bá ń gún àwọn ìka yẹn lábẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bi wọ́n pé, ṣé ó ń dùn yín, Màmá? Kò sí nǹkan kan tó ṣe ọwọ́ Yèyé.