Ìrẹsì Tí Ó Ń Dá Padà

Ọmọ ọmọ mi, bá mi kọ ọ̀rọ̀ obìnrin méjì kan tí mo gbọ́ nídìí ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo ní àdúgbò Tokpota láàárọ̀ yìí.

Èyí kékeré ní, "Bàbá ọmọ mi tún gbé ìrẹsì wá lánàá. Mo dá a padà."

Èyí àgbà ní, "Ìwọ tí ọmọ rẹ ń mu gààrí lọ sílé ìwé?"

"Màmá, mo ti kọ ọkùnrin náà. Obìnrin tó bá ń jẹ oúnjẹ ọkùnrin, ìyàwó rẹ̀ ni. Àwọn ará ilé wọn á ní mo ti padà, n kò sì ní padà láé!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Èmi náà kọ ọkọ. Adájọ́ ní kí bàbá ọmọ máa mú tirẹ̀ wá fún oúnjẹ, ilé ìwé àti oògùn ọmọ, kí èmi náà máa fi tèmi kún un. Ó ń mú un wá, kò sì wọ yàrá mi rí!"

"Lóòótọ́, màmá?"

Àgbà náà ń pariwo kí ẹ̀rọ má bàa bo ohùn rẹ̀. Àfi bí ẹ̀rọ ṣe dákẹ́ lójijì, tí gbogbo wa gbọ́ ọ ketekete:

"Ìwọ lo kọ ọkọ! Ọmọ ò kọ bàbá rẹ̀!"

Háà! Èmi arúgbó pàtẹ́wọ́, ìyẹ̀fun ọwọ́ mi fò bò mí lójú. Kí n tó nu ojú tán, èyí kékeré ti ń bá bàbá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù:

"Àlóò? Ìrẹsì yẹn dà? Gbé e padà wá. Ti ọmọ ni o! Ẹnu ọ̀nà ni kó o sọ ọ́ kalẹ̀ sí!"