Ibi Tí Ẹ́ńjìnnì Ti Ń Mí

Ọkọ̀ akẹ́rù tí èmi àti tòmátì jọ wọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ni awakọ̀ bá yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Awakọ̀ ní: "Ọ̀gá, kabúrétọ̀ ni o. Tòmátì yìí ò gbọdọ̀ sùn lójú ọ̀nà. Ọjà Akẹ̀sán ló ń lọ."

Mẹkáníìkì wọ́n pẹtiróòlù díẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kó tó wọ́n ọn tán, mo ti wà lẹ́yìn ògiri. Bí pẹtiróòlù ṣe kan ìdí kabúrétọ̀, ìró ẹ́ńjìnnì yí padà.

"Ẹ gbọ́ ọ? Níbi tí kò ní imú ló ti ń mí. Gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ kabúrétọ̀ ló ń jò, afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé. Ta ló fi páálí gé e?"

Awakọ̀ ní: "Èmi ni. Páálí mílíìkì. Ẹ má bú mi, ẹ fi ojúlówó sí i. Màá bá yín tú u."

Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tán, ẹ́ńjìnnì ń lọ geere. Mẹkáníìkì ní:

"Ẹ sọ fún bàbá ẹ̀yìn ògiri yẹn pé kí àwọn náà máa mí."