Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Ìyàwó Àbúrò Mi Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú ikùn. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Mo ń kọ ọ́ síbí nítorí pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn yóò gba ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, irọ́ tí mo pa ló sì fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi.

Ṣakí ni mo ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe. Ìtọ́jú ọmọdé àti oúnjẹ wọn ni mo kà ní yunifásítì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ta mí.

Àbúrò mi ọkùnrin, Àkànní, ń gbé nílùú òyìnbó pẹ̀lú Mọ́rẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì. Nígbà tí Màmá wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, Àkànní ní kí a wá bá òun, kí gbogbo wa jọ wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá kan fún ọjọ́ méje. Irú èyí tí wọ́n fi ń gbafẹ́ ni, tó ní yàrá àti ilé oúnjẹ nínú bí òtẹ́ẹ̀lì. Wọn kò fún ọkọ mi ní físà. Bí èmi nìkan ṣe kó ọmọ mẹ́ta lọ nìyẹn: àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún márùn-ún, àti Ìdòwú tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé oúnjẹ alẹ́ ibẹ̀ fún yín. Wọn kì í gbé oúnjẹ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á gbé búrẹ́dì wá, ẹ ó dúró. Wọ́n á gbé ọbẹ̀ olómi wá, ẹ ó tún dúró. Kí ẹran tó dé, ọmọ ti ń sunkún oorun. Ó ń tó wákàtí méjì. Nílé wa, abọ́ kan ni mo ń gbé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Wọ́n á jẹ, wọ́n á fọwọ́, wọ́n á dìde, ó parí.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, Táyé da ọbẹ̀ sí aṣọ tábìlì. Kẹ́hìndé rá wọ abẹ́ tábìlì àwọn òyìnbó kan, ó ń tú okùn bàtà bàbá àgbàlagbà. Ìdòwú ń ké pé iyán lòun fẹ́. Mo ń sáré sókè sódò, oúnjẹ mi tutù. Ní òdìkejì mi, àwọn ọmọ Mọ́rẹ́nikẹ́ jókòó jẹ́ẹ́. Ó ti fún wọn ní nǹkan panu ní aago márùn-ún. Ó ti gé kárọ́ọ̀tì àti kùkúńbà wẹ́wẹ́ sínú ike. Ó kó àwòrán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé dání. Bí Dára, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó ń lọ sí ọmọ ọdún méjì, bá ti fẹ́ máa ṣe ìjọ̀gbọ̀n, Àkànní á gbé e jáde lọ wo omi, Mọ́rẹ́nikẹ́ á sì máa jẹ oúnjẹ tirẹ̀ ní gbígbóná.

Màmá wò ó, ó wá wò mí. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o rí ìyàwó wa? Ẹni tí kò kàwé ọmọ títọ́ rèé o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ lè bi mí pé kí ni Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣe fún mi gan-an. Mo lè kà á fún yín, n kò gbàgbé ọ̀kankan. Lálẹ́ kejì, ó fún àwọn ìbejì mi ní àwòrán láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ mi, wọ́n sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, níwájú gbogbo ayé. Lálẹ́ kẹta, ó pe agbáwo, ó ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé tàwọn ọmọ wá, bẹ́ẹ̀ kò sì bi mí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi nígbà tó na ọwọ́ gé ẹran Ìdòwú. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

"Ìyá Ìbejì, ọkọ mi, ẹ jókòó kí ẹ jẹun jàre. Ẹ ti ṣe wàhálà jù. Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú un."

Bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, ǹ bá mọ èsì tí n ó fọ̀. Ó kúnlẹ̀.

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé kì í ṣe kárọ́ọ̀tì rẹ̀ ni mo ń jowú. Ọwọ́ Àkànní tó ń gba ọmọ ni. Èmi kò ní ẹni tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ kẹrin ni ọjọ́ ìbí Màmá. Láàárọ̀, Mọ́rẹ́nikẹ́ sọ fún mi pé ìgbẹ́ Dára rọ̀ díẹ̀, pé bóyá máńgòrò àná ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Èmi tí mo kà á níwèé mọ̀ pé kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti wọ ọkọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ń bi olúkúlùkù bóyá ó ń bì tàbí ó ń yàgbẹ́, torí àìsàn ọmọ kan lè ran gbogbo ọkọ̀.

Mo lọ bá obìnrin tó wà ní ibi ìgbàlejò. Mo sọ nọ́ńbà yàrá wọn. Mo ní ọmọ ibẹ̀ ti yàgbẹ́ gbuuru ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láti ìdájí. Mo fi èébì kún un. Mo ní ìyá rẹ̀ ń fi í pa mọ́ ni. Mo ní kí wọ́n má dárúkọ mi.

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì ọkọ̀ fi dé. Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣàlàyé títí, wọn kò gbọ́. Wọ́n sé òun àti Dára mọ́ yàrá fún ọjọ́ méjì.

Nírọ̀lẹ́, Àkànní kó àwọn àwòrán wá fún mi. "Ìyàwó mi ní ẹ máa nílò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ jọ̀ọ́, mo gbà á. Mo fún àwọn ọmọ mi ní nǹkan panu ní aago márùn-ún. Mo ní kí agbáwo kọ́kọ́ gbé tàwọn ọmọ wá. Àkànní gbé Ìdòwú jáde lọ wo omi. Mo jẹun gbígbóná. Màmá na ọwọ́ sí mi lórí tábìlì, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi! Ìwé tí a rán ọ lọ kà kò já sófo." A ya fọ́tò. Ó wà lára ògiri pálọ̀ Màmá títí di òní, Mọ́rẹ́nikẹ́ kò sí níbẹ̀.

Mo rò pé inú ọkọ̀ ni yóò parí sí. Mo gbàgbé pé nọ́ọ̀sì ni Màmá. Ó wá ohun tó fa àìsàn náà, ó sì rí i: kárọ́ọ̀tì inú ike. "Ta ní ń fún ọmọ ọwọ́ ní ohun tútù jẹ?" Bí Dára bá húkọ́ lórí fóònù, Màmá á tún padà síbẹ̀. Ó ní ọmọ náà rù. Lóṣù tó kọjá, ó pàṣẹ pé kí wọ́n mú un wá sí Ṣakí kí a tọ́ ọ. Àkànní kò lè já ìyá rẹ̀ ní koro. Orúnkún Màmá kò sì gbé e mọ́, nítorí náà ilé mi ni ọmọ yóò wà. "Ìwọ lo mọ bí a ti ń bọ́ ọmọ," ni wọ́n wí.

Mọ́rẹ́nikẹ́ pè mí. Ó ń sunkún débi pé n kò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi bẹ Màmá. Mo sọ fún yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹ̀yin nìkan ni ẹlẹ́rìí mi."

Ó rò pé ẹni tó ń tún yàrá wọn ṣe ló fẹjọ́ sùn.

Mo lọ bá Màmá lóòótọ́. Mo ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Màmá ní, "Ṣé kì í ṣe ojú rẹ ló ṣe ni?" Mo padà sílé láìjẹ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ Màmá lẹ́nu, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ìtìjú ni.

Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti tẹ́ ibùsùn kékeré kan sí yàrá àwọn ìbejì. Lánàá, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń ro ohun tí n ó máa sè fún Dára, bí yóò ṣe sanra lọ́wọ́ mi, bí Màmá yóò ṣe máa fi í han àwọn aládùúgbò. Inú mi dùn. Owú yẹn kò tíì kú.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú tó ń gbé Dára bọ̀ yóò gbéra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n máa gbàdúrà, mo ti ń gbà á. Ẹ sọ ẹni tí n ó kọ́kọ́ pè fún mi: Màmá ni, àbí Mọ́rẹ́nikẹ́?