Ayùn Ẹlẹ́ńjìnì Tí Mo Fi Gba Oko Bàbá Mi

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ̀yìn má dùn mí… ẹ gbọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, kì í ṣe irọ́. Télọ̀ ni mí nígbà yẹn, ní Ìkìrun níbí. Wọn ò tíì yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Bàbá àgbà yín ń ṣe tíṣà ní Ìnísà.

Tómi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti rí ayùn tí o fẹ́ rà fún oko. Ó rẹwà, ó ń dán. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe ra tèmi fún yín, kí o tó tẹ ohun tí o fẹ́ tẹ̀.

Ọmọ Ìnísà ni bàbá tó bí mi. Oko wọn wà lọ́nà Òkukù. Nígbà tí wọ́n kú, kò sẹ́ni tó dé oko yẹn fún ọdún bíi mélòó kan. Ó di igbó. Igi lọ́tùn-ún, igi lósì. Mo wá ní mo fẹ́ máa dáko níbẹ̀. Bọ̀dá Ràímì, ọmọ bàbá mi, ìyá wa ló yàtọ̀, ní òun náà fẹ́ ẹ. Ó ní, "Obìnrin tó ń ránṣọ ní Ìkìrun, kí ló fẹ́ fi oko ṣe?" Baálé ilé wa gbọ́ tẹnu àwa méjèèjì tán. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, màá fún ọ láyè. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí gbogbo igi inú oko yẹn ti wá sílẹ̀, tìrẹ ni. Bí òjò bá bá igi lórí ìdúró, ti Ràímì ni."

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Oko bàbá mi! Ibẹ̀ ni mo ti ń bá wọn ká ilá nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo pe àwọn onígẹdú. Wọ́n dé, wọ́n rí igi ìrókò kan àti igi apá méjì, ojú wọn ń tàn. Wọ́n gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n kó wọn lọ, wọ́n wá fi ẹ̀ka wọn dí oko fún mi. Mo ní, "Àwọn tó kù ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ìyẹn ò ṣe é là sí pákó, Màdáámù." Mo wá pe àwọn tó ń lo àáké. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi bá igi kan jà. Igi yẹn kàn ń wò wọ́n ni.

Bàbá àgbà yín ló wá sọ pé, "Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ ká ra ayùn ẹlẹ́ńjìnì tiwa." Háà! Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn o. Ó di Òṣogbo.

Ẹlẹ́ńjìnì méjì ni onísọ́ọ̀bù gbé síwájú wa. Ọ̀kan tóbi, irin rẹ̀ gùn gbọọrọ bíi ti àwọn onígẹdú. Èkejì kéré. Kí ni bàbá àgbà yín dì mú? Èyí tó gùn ni. Wọ́n gbé e sókè, gbogbo iṣan ọrùn wọn yọ. Wọ́n ní, "Èyí ni kí ẹbí rẹ rí lọ́wọ́ wa." Mo ní, "Bàbá Túndé, ẹ̀yin tí ẹ máa wà ní kíláàsì lẹ máa gbé e ni, àbí èmi?" Wọ́n gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni mo ti pinnu pé ẹ̀rọ tí mi ò bá lè tú kí n sì tò ó padà, mi ò ní gbé e wọlé. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá kọṣẹ́ nígbà tí ọdún ku ọ̀la, ta lo fẹ́ lọ bá? Mo ní kí onísọ́ọ̀bù tú méjèèjì níwájú mi. Èyí tó tóbi, irinṣẹ́ oríṣiríṣi ló ń wá kiri, òógùn bò ó, ó tún ní bó bá bàjẹ́, ká máa gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Èyí tó kéré, ọwọ́ lásán ló fi ṣí ìdérí táǹkì epo rẹ̀. Ó yọ ìdè mẹ́ta, púlọ́ọ̀gì rèé, ṣéènì rèé. Mo so ìró mi le, mo jókòó sílẹ̀, mo tò ó padà. Èrò ti pé lé wa lórí. Onísọ́ọ̀bù ní, "Màdáámù, gígùn irin ni gbogbo èèyàn máa ń bi mí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí bí wọ́n ṣe ń ṣí i."

Bí a ṣe ra èyí tó kéré nìyẹn. Lórí ẹsẹ̀ mi ni mo gbé e lé nínú bọ́ọ̀sì títí dé Ìkìrun, bí ẹni gbé ọmọ jòjòló.

Ọkùnrin kan láti Èkó Ẹndẹ́, ìtòsí wa níbí, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó ní kí n máa kọ́kọ́ wo ibi tí igi dagun sí, kí n mọ ibi tí màá gbà sá. Mo mọ̀ ọ́n! Ẹ ò bá wá rí mi, mo wọ ṣòkòtò bàbá àgbà yín, mo fi gèlè di etí. Igi ń wó, mo ń kọrin. Inú mi dùn láyé yẹn, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ó wá ku ẹyọ igi kan ṣoṣo, láàárín oko, ilẹ̀ ṣú mọ́ mi lọ́wọ́, òjò náà sì ti ń ṣú. Baálé ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Wọ́n dé lóòótọ́, àwọn àti Bọ̀dá Ràímì àti àwọn ará ilé. Ìyá ọkọ mi náà tẹ̀lé mi wá, nínú sùtánà funfun wọn, torí aládùúrà gidi ni Màmá. Mo gbé ayùn. Mo fa okùn rẹ̀… pẹ̀ẹ̀. Mo tún fà á. Ó sín lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ààrá sán lápá Òkukù. Bọ̀dá Ràímì wò mí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, lọ ránṣọ."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò dúró. Mo jókòó sílẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé abọ́ funfun wá, mo da epo inú ayùn sí i. Omi ló wà nísàlẹ̀ abọ́! Epo wà lókè, omi wà nísàlẹ̀. Mo wá tẹ orí sí i láti wò ó dáadáa… òórùn lọ́fíńdà. Lọ́fíńdà inú omi àdúrà! Mo gbójú sókè, mo wo Màmá. Màmá yára gbójú sí ojú ọ̀run, wọ́n ń kun orin lábẹ́nu.

Ẹ ò rí i? Ìdérí tí mo tìtorí ẹ̀ yàn án, tí ọwọ́ lásán ń ṣí, òun náà ni Màmá ṣí lóru láti bu omi àdúrà sí i.

Baálé ní, "Kí ló ṣe é?" Mo ní, "Bàbá, epo rẹ̀ ló dàpọ̀." Mi ò parọ́. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo fi etí aṣọ mi nù ún gbẹ. Mo fa okùn títí omi fi tán nínú rẹ̀. Mo dá púlọ́ọ̀gì padà, mo da epo tuntun sí i. Òjò ti ń kán sí mi lọ́rùn ní tó-tó-tó. Mo fa okùn… ó ké! Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ké bí ọmọ tuntun! Bọ̀dá Ràímì gan-an pàtẹ́wọ́. Igi yẹn wó, ilẹ̀ mì, òjò sì dé. Baálé ń rẹ́rìn-ín nínú òjò, wọ́n ní, "Ilẹ̀ ti mọ olówó ẹ̀."

Lọ́nà ilé, Màmá fà mí lápá. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, kó má baà gé ọ lẹ́sẹ̀ ni mo ṣe bù ú sí i." Mo dì mọ́ wọn, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń sọ fáwọn èèyàn pé àdúrà àwọn ló jẹ́ kí ayùn mi lágbára. Mi ò jiyàn. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì rèé, ṣé ó gé e?

Tómi, o ní tiyín yìí ò ṣe é tú, pé bó bá bàjẹ́ ẹ ó sọ ọ́ nù. Áà… ayé ti yí padà. Lọ wá èyí tí o lè ṣí. Bó bá sì dé, gbé e wá bá mi kó tó dé oko. Èmi náà ti di ìyá arúgbó. Màá gbàdúrà sí i. Ara rẹ̀ lóde nìkan ni màá wọ́n omi sí… ṣùgbọ́n kí o ṣáà jókòó tì mí.