Omi Gbígbóná ní Ìdí Róòsì

Bí èèyàn bá gbé irọ́ pọ̀n títí tí irọ́ náà fi dàgbà, ó di dandan kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó wọ kòtò. Ohun tí Ìyá Olódòdó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tí dókítà ní ọkàn rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ abẹ, pé kó máa lọ sinmi nílé. Kò sunkún. Ó ní kí wọ́n gbé àga òun sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ọgbà, kí wọ́n ránṣẹ́ pe àbúrò òun wá, kí ọmọ àbúrò náà, tó ń tọ́jú òun, má sì jáde. Nígbà tí àwọn méjèèjì jókòó, ó ní, "Òtítọ́ kan wà tí mi ò ní gbé dé sàréè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó dá mi lóhùn. Tí ẹ bá já lu ọ̀rọ̀ mi, màá wá irọ́ mìíràn fi bò ó. Mo mọ ara mi."

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí ni bàbá wọn fi ọgbà òdòdó sílẹ̀ fún. Ẹ̀gbọ́n ló mọ ọjà. Ó lè ta òdòdó tó ti ń rọ fún ọkọ ìyàwó, kí ọkọ ìyàwó sì tún máa dúpẹ́. Àbúrò ló mọ iṣẹ́. Kí òdòdó róòsì tó là tán, á ti já ewé aláwọ̀ tó yí i ká, á sì gé akọ inú rẹ̀ kúrò kó má baà gbọn ìyẹ̀fun sórí ara rẹ̀. Á wá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kó ìyẹ̀fun láti ara róòsì mìíràn, á fi pa abo rẹ̀ lórí, á fi àpò bébà dé e kí oyin má baà da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Bó bá gbà, èso róbótó á yọ nídìí òdòdó, kóró á wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Alárinà òdòdó! Ṣé wọ́n á pè ọ́ síbi ìgbéyàwó náà?"

Ọ̀pọ̀ kóró kì í hù. Nínú èyí tó hù, ọ̀pọ̀ kì í lẹ́wà. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, igi kan ṣoṣo yọ òdòdó tí ẹnì kankan kò rí irú rẹ̀ rí: ẹ̀yìn rẹ̀ dà bíi pupa ẹyin, inú rẹ̀ sì jẹ́ elése àlùkò. Ọkọ àbúrò, pẹ́ńtà tó ń kun ilé, dúró níwájú rẹ̀, ó ń mi orí. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń po ọ̀dà, mi ò po irú èyí rí."

"Ibẹ̀ ni ojú mi ti pọ́n," ni Ìyá Olódòdó wí. "Kì í ṣe pé ebi ń pa mí. Gbogbo ìlú ló ń pè mí ní Ìyá Olódòdó, bẹ́ẹ̀ ni mi ò bí òdòdó kankan rí."

Láìpẹ́, ọmọ ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ṣàìsàn, wọ́n dá wọn dúró sí ọsibítù. Kí àbúrò tó lọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bomi rin róòsì mi. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ bomi sí. Ẹ má jẹ́ kí omi kan ewé, kí àrùn àmì dúdú má baà mú un."

"Máa lọ. Ọmọ rẹ ni kó o gbájú mọ́."

Kò tíì rìn jìnnà tí ẹ̀gbọ́n fi mú ọ̀bẹ. Ó gé ẹ̀ka tó lójú dáadáa, ó gbìn wọ́n sínú iyanrìn tútù ní kọ̀rọ̀ yàrá ìkẹ́rù, ó fi ọ̀rá bò wọ́n. Wọ́n ta gbòǹgbò. "Ká ní mo dúró síbẹ̀, olè lásán ni ǹ bá jẹ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n bí igi ìyá bá ṣì wà ní ìdúró, gbogbo ayé ni yóò mọ ẹni tó ni ọmọ. Mo da omi àti iyọ̀ sínú kẹ́tùlù, mo sè é títí tó fi hó, mo dà á sí ìdí rẹ̀. Mo ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mu ún. Mo tún lọ se òmíràn."

Nígbà tí àbúrò dé, ọmọ ti yá, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Igi ti gbẹ kanrangandan. Ó béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe é?"

"Mi ò tíì ro ohun tí màá sọ," ni Ìyá Olódòdó wí. "Mo wò yíká, mo rí agolo tí ọkọ rẹ fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Mo ní ọkọ rẹ ló ń da kẹrosíìnì síbẹ̀, pé mo bá a wí, kò gbọ́. Ó jáde wá, ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ wojú mi. Ìgbà wo ni ẹ rí mi?' Mo wojú rẹ̀. Mo ní, 'Lánàá.'"

Àbúrò gba ẹ̀gbọ́n gbọ́. Ìjà wọ ilé náà, kò sì jáde. Nígbẹ̀yìn ọkọ di ẹrù rẹ̀, ó ní òun kò lè sùn nínú ilé tí wọ́n ti sọ òun di òpùrọ́, ó bá tirẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Àbúrò kò fọwọ́ kan òdòdó mọ́. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló lọ ń ṣe. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀gbọ́n gbé róòsì aláwọ̀ méjì jáde, ó ní kóró kan tí àbúrò fún òun ló hù. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n fi ń pe róòsì náà títí dòní.

Ìyá Olódòdó sọ ọ́ tán. Àbúrò rẹ̀ ń tẹ́ etí aṣọ rẹ̀ pẹlẹbẹ lórí orúnkún.

"Ti òdòdó yẹn, mo ti mọ̀," ó wí. "Kóró róòsì kì í hù kó jọ igi ìyá rẹ̀. Ẹ̀ka nìkan ló ń jọ ọ́ délẹ̀. Ọjọ́ tí mo rí i ni mo ti mọ̀ pé ẹ gé e. Mo ní kó kúkú wà láàyè lọ́wọ́ yín ju kó run lọ. Mo ti dárí ìyẹn jì yín tipẹ́." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ṣùgbọ́n mo rò pé ọkọ mi ló pa igi. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n lé aláìṣẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọmọ rẹ̀, ìkókó ọjọ́ náà, ti dìde. "Màmá àgbà, ṣé torí ìyẹn ni bàbá mi ò ṣe gbé pẹ̀lú wa?"

"Torí ìyẹn ni."

Ọmọ náà kò bú u. Ó tẹ nọ́ńbà bàbá rẹ̀, ó gbé fóònù lé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Olódòdó sọ ẹni tó ń pè. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ igi róòsì ni. Mi ò rí ọ lánàá ọjọ́ yẹn. Mi ò rí ọ lọ́jọ́ kankan. Èmi ni mo pa á. Jọ̀ọ́, forí jì mí."

 Rédíò kan ń sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ pẹ́ńtà, ẹnì kan pa á.

"Ẹ ti jẹ́ kó pẹ́ jù, ẹ̀gbọ́n," ni pẹ́ńtà wí. "Ṣé ó wà níbẹ̀?"

Àbúrò gba fóònù, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀, wọn kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ìyá Olódòdó kọjú sí ọmọ náà. Ó ní, "Má tíì dárí jì mí lónìí. Àánú mi pé mo ń kú lọ lo máa ṣe, kì í ṣe ìdáríjì. Ohun tí mo fẹ́ kó o mú ni pé, bí ìlara bá wọ inú rẹ, tètè fi ẹnu rẹ sọ ọ́ fún ẹni tó o ń jowú, kó tó di iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ká ní mo sọ fún ìyá rẹ pé òdòdó yẹn wù mí, òun fúnra rẹ̀ ì bá gé ẹ̀ka kan fún mi."

 Ọmọ náà bu omi sí ife, ó kó oògùn ọ̀sán fún un, ó dúró títí tó fi gbé e mì, ó sì jáde lọ bá ìyá rẹ̀.